Ta ló pe rẹfirí wá? Bí ẹgbẹ́ àwọn rẹfirí àdúgbò ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀lù ni gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Ìkòtún, Ìgàndó, Ẹgbẹ́da, Ìpájà, Ìdímù, tíìmù wà níbẹ̀, ìdíje náà sì wà níbẹ̀. Òṣèlú ń gbé ife ẹ̀yẹ kalẹ̀, ìjọ ń gbé ife kalẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń gbé ife kalẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìrántí bàbá wọn náà ò gbẹ́yìn. Owó máa ń wà nínú ẹ̀, ẹlòmíì á tún fi àgbò tàbí ewúrẹ́ lé e.

Ṣùgbọ́n kí fèrè tó dún rárá ni ìbéèrè kan ti máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà: "Ta ló pe rẹfirí yìí wá?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹni tó ni ọ̀kan nínú àwọn tíìmù náà ló pè é, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bọ́ọ̀lù nìkan ni wọn ò tíì gbá. Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ "ẹgbẹ́ wọn ló rán an wá", ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ohun tá a fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn: iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹfirí àdúgbò ń ṣe, àwọn tó ń darí rẹ̀, bó ṣe yẹ kí owó máa wọlé kó sì máa jáde, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ìjà bá dé. Ẹni tó fẹ́ di rẹfirí á rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò ìdíje náà, ẹ má fò ó.

Ta ló wà lókè rẹfirí àdúgbò?

Àwọn òfin bọ́ọ̀lù tá a ń lò ní Ìgàndó kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò ní ìdíje ife àgbáyé. Òfin 17 ni. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní IFAB ló ń ṣe é, ọdún 1886 ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Lábẹ́ FIFA ni àjọ CAF ti Áfíríkà wà, lẹ́yìn náà NFF, ìyẹn àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Àwọn rẹfirí fúnra wọn ní ẹgbẹ́ kan tó kárí orílẹ̀-èdè, NRA, ó sì ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀, títí kan Èkó.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìpínlẹ̀ ni èèyàn ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba bọ́ọ̀lù mọ̀, tó ti ń ṣe ìdánwò, tó sì ti ń gun àtẹ̀gùn láti ìpele ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí tó fi lè gba báàjì FIFA bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹgbẹ́ àdúgbò ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìjọba mìíràn, kò sì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀ka ìpínlẹ̀ du nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó àwọn tó wà ládùúgbò jọ, láti kọ́ wọn, láti pín iṣẹ́ fún wọn, àti láti dúró tì wọ́n. Ẹgbẹ́ tó bá ń fún èèyàn ní fèrè láìjẹ́ kó lọ ṣe ìdánwò níbi tó yẹ, ó ń tan ẹni yẹn jẹ ni.

Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá nìkan kọ́ ló nílò irú ẹgbẹ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá baseball ní ilé ìwé àti ní àdúgbò, àwọn adájọ́ eré náà ní ẹgbẹ́ tiwọn níbi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n máa ń yan ẹnì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mọ ẹni tó máa lọ síbo lọ́jọ́ wo. Ilé ìwé tó bá ní eré á kọ̀wé sí ẹni yìí, kò ní pe adájọ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń yan ẹni tó máa dá ẹjọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí Alímọ̀ṣọ́ fi nílò rẹ̀?

Alímọ̀ṣọ́ ló ní èrò jù nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 rí èèyàn tó lé ní 1,277,000 níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2003, ibi kan ṣoṣo yìí di mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó/Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀/Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́/Ìdímù, Ìkòtún/Ìgàndó, àti Mọ́sàn/Òkúnọlá.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún rẹfirí ni pé ibi tó máa lọ lè jìnnà ju bó ṣe rò lọ. Ẹni tó ń gbé Àyọ̀bọ̀ tí wọ́n ní kó wá fun fèrè ní Ìgàndó ní aago mẹ́rin, ẹ̀yin náà mọ ohun tí gosiló lè fi ojú rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹgbẹ́ pín àgbègbè náà sí ìsọ̀rí, kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń bójú tó o, ṣùgbọ́n kí àpò owó àti ìwé ìyànṣẹ́ wà lójú kan. Bí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan bá ti ń gba owó tirẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹgbẹ́ kan á fi di ẹgbẹ́ mẹ́fà.

Ìdí kejì ni pé ojú mọ ojú. Rẹfirí tó fun fèrè lónìí ni àwọn ọmọ tíìmù máa bá pàdé lọ́la níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ìdí yìí gan-an ni kò fi yẹ kó dá dúró.

Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́

Ẹgbẹ́ kékeré kò nílò oyè rẹpẹtẹ. Èèyàn márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju èèyàn ogún tó ń jókòó lọ.

Alága ló ń darí ìpàdé, òun ló sì ń bá àwọn tó ń ṣètò ìdíje sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ló ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ, tó ń tọ́jú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti ìròyìn tí rẹfirí bá kọ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Akápò ló ń tọ́jú ìwé owó. Akọ̀wé ìyànṣẹ́ ló ń pín iṣẹ́. Olùkọ́ ni ẹni tó mọ òfin dunjú, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì lè fi sùúrù kọ́ ọmọdé.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: akápò àti akọ̀wé ìyànṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ tó tún ń di owó mú, bó bá jẹ́ ẹni mímọ́ pàápàá, àwọn èèyàn ò ní yé fura sí i. Àwọn tó bá ní tíìmù tàbí tó jẹ́ kóòṣì náà kò yẹ kí wọ́n di ipò kankan mú.

Ẹ kọ òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta ti tó: ẹni tó lè wọlé, iye owó oṣù, bí wọ́n ṣe ń yan olórí àti ọdún tó máa lò, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ẹgbẹ́ wí, bí wọ́n ṣe ń yọ olórí nípò. Bí ẹgbẹ́ bá ti dàgbà tó sì fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ níwájú òfin, àjọ CAC ni wọ́n ti ń forúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́

Ibi tí ẹgbẹ́ ti máa ń dúró tàbí tó ti máa ń wó nìyí. Àwọn ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ kò ju mélòó kan lọ.

Kí ẹni tó ń ṣètò ìdíje kọ̀wé sí ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kó sọ ibi tí pápá wà, àkókò, ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù, àti orúkọ àwọn tíìmù. Kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹfirí tó fẹ́. Ó lè sọ pé òun fẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ o, àmọ́ kó má sọ pé "Lágbájá ni kẹ́ ẹ fún mi".

Rẹfirí kò gbọ́dọ̀ lọ síbi tí ọmọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí tíìmù àdúgbò rẹ̀ ti ń gbá. Bó bá rí orúkọ tíìmù tó sì mọ̀ pé òun ní nǹkan ṣe pẹ̀lú wọn, òun fúnra rẹ̀ ni kó sọ. Kò sí ìtìjú nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fi pamọ́ tí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà, ìyẹn ni ìtìjú.

Kí wọ́n má rán ẹnì kan náà sọ́dọ̀ tíìmù kan náà léraléra. Fún àṣekágbá, kí orúkọ má jáde títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Èèyàn mẹ́rin ló pé: rẹfirí, olùrànlọ́wọ́ méjì tó ń di àsíá mú, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní láìnsìmáànù, àti rẹfirí kẹrin. Bí owó kò bá tó, ẹ má ṣe rán ẹnì kan ṣoṣo lọ sí ìdíje àgbàlagbà tó ní owó nínú. Ẹ rán mẹ́ta, tàbí kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò lè wá.

Ọ̀rọ̀ owó

Yorùbá ní ẹni tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ohun tó ń ba orúkọ rẹfirí jẹ́ ládùúgbò kì í ṣe owó ńlá. Owó ọkọ̀ tí kóòṣì kan fún un ni, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti mítípáì tí wọ́n gbé fún un kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ó lè má tiẹ̀ yí ẹjọ́ po nítorí ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó wà lódìkejì ti rí i, wọn ò sì ní gbà gbọ́ mọ́.

Nítorí náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ ni kí owó iṣẹ́ máa gbà. Kí ẹni tó ṣètò ìdíje san án sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ ṣáájú ọjọ́ eré. Kì í ṣe lẹ́yìn eré, nítorí ẹni tí tíìmù rẹ̀ bá pàdánù lè sọ pé òun ò ní san mọ́. Kì í sì í ṣe láti ọwọ́ tíìmù méjèèjì lórí pápá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣàlàyé rẹ̀. Ká sọ pé ₦40,000 ni ẹgbẹ́ gbà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ẹgbẹ́ mú ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn ₦4,000. Ó ku ₦36,000. Rẹfirí gba ₦12,000, àwọn olùrànlọ́wọ́ méjèèjì gba ₦9,000 ₦9,000, rẹfirí kẹrin gba ₦6,000. Gbogbo ẹ̀ pé. Iye náà lè yàtọ̀, àmọ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ bí ìpín ṣe rí kí wọ́n tó kúrò nílé.

Owó tí ẹgbẹ́ mú yẹn, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Òun ni wọ́n fi ń ra àsíá àti fèrè, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fara pa, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ìdánwò fún ọmọ tí kò ní. Kí akápò ka ìwé owó sétí gbogbo èèyàn ní ìpàdé oṣooṣù. Kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde ní báǹkì. Ẹgbẹ́ tí kò bá ka ìwé owó fún oṣù mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè.

Ẹ̀kọ́ àti eré sísá

Òfin bọ́ọ̀lù ń yí padà lọ́dọọdún. Ẹni tó kọ́ ọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn tí kò tún kà á mọ́, ó ti di arúgbó lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ mẹ́ta.

Láti oṣù keje ọdún 2025, gólì kípà tó bá di bọ́ọ̀lù mú lọ́wọ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lọ, kọ́nà ni wọ́n máa fún àwọn tó ń bá a gbá. Rẹfirí á sì gbé ọwọ́ sókè ka márùn-ún tó kẹ́yìn kí gbogbo èèyàn rí i. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ni, fíríkíìkì tí wọn ò lè gbá sáwọ̀n tààrà ni ìyà rẹ̀.

Lọ́dún 2024, IFAB fàyè gba ìlànà pé kápútẹ̀nì nìkan ló lè wá bá rẹfirí sọ̀rọ̀ lórí ìpinnu pàtàkì. Fún àwọn ìdíje tiwa, níbi tí èèyàn mọ́kànlá ti máa ń rọ̀gbà yí rẹfirí ká, ìlànà yìí wúlò gan-an. Ẹni tó ṣètò ìdíje ló máa sọ ọ́ fún àwọn tíìmù ṣáájú.

Ẹ̀kẹta, òfin gbà kí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé àti ti àdúgbò lo ìjókòó ráńpẹ́: ẹni tó bá gba káàdì yẹ́lò á jáde fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á sì padà wọlé. Nínú eré ìṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sábà máa ń jẹ́. Àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè ló ní àṣẹ láti gbà á láàyè, kì í ṣe rẹfirí ló máa dédé gbé e kalẹ̀ láàárín eré.

Ara náà ń fẹ́ ìmúra. Nínú ìdánwò tí FIFA ń ṣe fún àwọn rẹfirí ọkùnrin, wọ́n máa ń sáré mítà 75 ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí wọ́n rin mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá 18, nígbà 40. Kò sẹ́ni tó ní kí rẹfirí Ẹgbẹ́da ṣe gbogbo ìyẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní àárín pápá nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ta ló máa gbà á gbọ́ pé ó rí ófúsáìdì tàbí pẹ́nárítì? Kí ẹgbẹ́ máa sáré pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí oòrùn tó mú.

Lọ́jọ́ eré

Ẹ dé pápá ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú. Ẹ yí pápá ká. Ṣé ìgò fífọ́ wà níbẹ̀? Ṣé gọ́tà ò sún mọ́ ìlà jù? Ṣé òpó ilé dúró gbọin? Òfin àkọ́kọ́ sọ pé a gbọ́dọ̀ de ilé mọ́lẹ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n ń gbé kiri náà kò gbẹ́yìn. Òpó irin tó wó lu ọmọdé lè pa á.

Ẹ béèrè ẹni tó máa tọ́jú ẹni tó bá fara pa, àti ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1989 ni Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ tó sì kú nígbà tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà ní pápá ìṣeré Surulere. Bí irú ẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀ ní pápá tó tóbi jù nílùú Èkó nígbà náà, ti pápá ilé ìwé ńkọ́? Rẹfirí ní àṣẹ láti dá eré dúró bí mànàmáná bá ń kọ, bí ẹnikẹ́ni bá fara pa gan-an, tàbí bí èrò bá ya wọ pápá. Tíìmù tí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò bá tó méje, eré kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí ìjà bá dé

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Bí wọ́n bá ti yẹ̀yẹ́ yín, bí wọ́n bá ti èèyàn yín lulẹ̀ pàápàá, ẹ má gbá ẹnikẹ́ni padà. Rẹfirí tó bá gbá èèyàn ti sọ ẹjọ́ rẹ̀ nù. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kóra jọ, kí wọ́n gba ọ̀nà tí wọ́n ti fi ẹnu kò sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ilé ìwòsàn àti àgọ́ ọlọ́pàá ni.

Kí rẹfirí kọ ìròyìn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà: àkókò tó ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹni tó ṣe é, ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Kó má fi "wọ́n ní" kún un.

Ibẹ̀ ni agbára ẹgbẹ́ wà. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n nà, tó bá sọ pé òun ò wá mọ́, wọ́n á pe ẹlòmíì lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá sọ pé kò sí rẹfirí kankan tó máa lọ síbi ìdíje yẹn títí wọ́n á fi wá tọrọ àforíjì, tí wọ́n á san owó ìtọ́jú, tí wọ́n á sì jẹ́ kí ẹni tó ṣe é jókòó sílé, ìdíje ti dúró nìyẹn. Ohun tó máa ba a jẹ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ kan tó máa yọ́ lọ fun fèrè níbẹ̀ nítorí owó. Kí òfin ẹgbẹ́ sọ ìyà rẹ̀ kedere.

Bí rẹfirí bá ṣàṣìṣe ńkọ́?

Á ṣàṣìṣe, èèyàn ni. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbèjà ọmọ rẹ̀ lórí ohun gbogbo kò ní pẹ́ di ẹgbẹ́ táwọn èèyàn kórìíra. Ìpinnu rẹfirí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré ni abẹ gé, èsì kò ní yí padà nítorí àríwísí. Ṣùgbọ́n tíìmù ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Kí ìgbìmọ̀ ìbáwí pe àwọn méjèèjì. Agbọ́tẹnukan-dájọ́, òṣìkà èèyàn ni.

Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀, kó padà sí kíláàsì. Bí ó bá jẹ́ owó ló gbà, kó lọ. Kí ẹgbẹ́ sì máa rán àgbà rẹfirí kan lọ jókòó láàárín èrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó wo ọmọ tó ń fun fèrè, kó sì sọ ibi tó kù sí fún un ní kọ̀rọ̀.

Ta ló lè wọlé?

Ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí àti ẹni tí kò gbá a rí. Nígbà tí Salima Mukansanga, ọmọ Rwanda, fun fèrè láàárín Zimbabwe àti Guinea ní January 18, 2022, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó darí eré ní ìdíje ife àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Coffi Codjia, ọmọ Benin tó wà lẹ́bàá wa níbí, fun fèrè ní ife àgbáyé ọdún 2002 àti 2006. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà kò pọ̀: fèrè méjì, aago méjì, káàdì yẹ́lò àti pupa, owó ẹyọ kan, ìwé kékeré àti bírò, bàtà tó lè sáré. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó sún mọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó san owó ìwọlé, ẹ ní kí wọ́n fi òfin ẹgbẹ́ àti ìwé owó hàn yín. Bí wọ́n bá fi hàn yín láìjanpata, ẹ jókòó. Bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò ìdíje ọdún tó ń bọ̀ náà, kẹ́ ẹ tó ra ife, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ rẹfirí. Nígbà tí ẹnì kan bá sì bèèrè ní ẹ̀gbẹ́ ìlà pé ta ló pe rẹfirí wá, ẹ̀yin náà á lè dáhùn láìbojú wẹ̀yìn.